Ta ló máa sanwó, ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Bí ẹ ṣe lè fẹ́ra sọ́nà ní Àbújá kí ilé má bàa dàrú

Ní ọ̀pọ̀ pálọ̀ Yorùbá ní Àbújá, ìran mẹ́ta ló ń jókòó pọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá délẹ̀. Màmá àgbà tí wọ́n lọ mú wá láti Kánò tàbí Kàdúná mọ alárenà. Bàbá àti ìyá, tí iṣẹ́ ọba kó kúrò ní Èkó lẹ́yìn tí olú-ìlú ṣí wá síbí ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, mọ lẹ́tà tí wọ́n ń bu àtíkè sí. Ọmọ wọn mọ fóònù. Kálukú wọn ló sì dá lójú pé òun mọ bó ṣe yẹ kí ọkùnrin ṣe àti bó ṣe yẹ kí obìnrin ṣe.

Kì í sábà jẹ́ ìfẹ́ ló ń tán láàárín àwọn tó ń fẹ́ra wọn níbí. Òfin tí kálukú gbé jáde láti ilé bàbá rẹ̀, tí kò sọ síta, tó ń retí pé kí ẹnì kejì ti mọ̀, òun ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ tú òfin yẹn jáde nígbà tó jẹ́ owó súyà àti owó ọkọ̀ lẹ ṣì ń fà, kó tó di owó ilé àti orúkọ ọmọ.

Ohun tó yí padà, àti èyí tó wà bẹ́ẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé owó ti wọ obìnrin ayé òde òní lórí. Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yìí mú yín jà, torí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin tí wọ́n tẹ̀lé ojú irin gòkè lọ sí Kánò, Kàdúná àti Jos, owó tiwọn ni wọ́n fi ń ra ọjà, àpò wọn sì yàtọ̀ sí ti ọkọ. Obìnrin tó lówó lọ́wọ́ kì í ṣe tuntun sí Yorùbá. Èyí tó jẹ́ tuntun ni pé ó ń ná an nígbà ìfẹ́sọ́nà, kó tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni, lójú gbogbo ayé.

Ilé ìwé ló kọ́kọ́ yí nǹkan padà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ní Àríwá, ó dúró di ètò ìjọba àpapọ̀ ti 1976. Ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́dún náà ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Òun ló rán ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì, òun náà ló ń bi í pé kí ló dé tí kò tíì mọ iyán gún. Fóònù GSM tó wọlé ní 2001 gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alárenà, òbí sì wá di ẹni tó ń gbọ́ kẹ́yìn. Àbújá náà dá tirẹ̀ kún un: ọkùnrin tó ti dá gbé yàrá kan ní Kúbwá fún ọdún márùn-ún ti mọ ìdí ìkòkò, torí kò sí ìyá tàbí àbúrò obìnrin nítòsí tí yóò bá a sè é.

Àmọ́ ẹbí ló ṣì ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ lè fẹ́ra yín bó ṣe wù yín ní Wuse. Pálọ̀ òbí lẹ ó ti parí ẹ̀.

Bébà méjì, ogún ìṣẹ́jú

Ẹ ṣe èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Bó bá yá jù, ó máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn lọ wáṣẹ́. Bó bá pẹ́ jù, ọkàn ti wọ̀ ọ́, ẹ ó máa purọ́ kí nǹkan má bàa bàjẹ́. Kí kálukú mú bébà, kó jókòó lọ́tọ̀, kó sì dáhùn ìbéèrè méje yìí, gbólóhùn kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan:

1. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ta ló ń gbé owó oúnjẹ kalẹ̀, ta ló sì ń sọ bí wọ́n ṣe máa ná an?
2. Ta ló yẹ kó máa sanwó tí àwa méjèèjì bá jáde?
3. Tí a bá jà, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ pe ẹnì kejì?
4. Ta ni yóò máa dáná, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀?
5. Bí iṣẹ́ bá gbé ọ̀kan nínú wa lọ sí Maiduguri tàbí Port Harcourt, ta ni yóò tẹ̀lé ta?
6. Èló ni mò ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù?
7. Ta ló láṣẹ láti tú fóònù ta?

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ bébà. Ẹ fàmì sí ibi tí ìdáhùn yín ti yàtọ̀, kí ẹ sì fa òmíràn sí ibi tí ẹnì kan ò kọ nǹkan kan sí. Ibi òfìfo yẹn léwu ju ibi tó yàtọ̀ lọ: ẹni tó kọ ohun tó yàtọ̀ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹni tó fi í sílẹ̀ ṣì ń wojú yín. Ẹ má kọ ọ́ pa pọ̀, torí ọ̀kan máa wo ti èkejì kọ. Ẹ má sì gbìyànjú láti yanjú méjèèje lọ́jọ́ kan. Ẹ mú méjì, ẹ fi ìyókù pamọ́, kí ẹ tún un kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí ẹ rí èyí tó ti yí.

Ìbéèrè kìíní ló wúlò jù, bó tilẹ̀ dà bí ìtàn lásán. Ọkùnrin tó kọ pé "bàbá mi ló ń gbọ́ bùkátà," tó wá rántí pé owó aṣọ tí ìyá òun ń tà ni wọ́n fi san owó ilé ìwé òun, á dá ìwé dúró díẹ̀ kó tó dáhùn ìkejì.

Owó ìjáde

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tó ń ṣiṣẹ́.

"Ẹni tó pè ló ń san" ló bá oṣù méjì àkọ́kọ́ mu. Ẹni tó bá ní "jẹ́ ká lọ sí Jabi Lake lọ́jọ́ Sátidé" ló ni owó oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n pè ló ni owó ọkọ̀ àlọ ara rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tó pè ló ni owó àbọ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹnì kan kì í pè rárá, bóyá torí wọ́n kọ́ ọ pé obìnrin kì í pe ọkùnrin jáde, bóyá torí ahun. Bí ẹnì kan bá ti pè lẹ́ẹ̀mẹrin tí ẹnì kejì ò pè rí, ẹ béèrè èwo nínú méjèèjì ni. Ti àkọ́kọ́ ṣe é tún ṣe.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ máa ṣe é lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tèmi lónìí, tìẹ lọ́la. Ó rọrùn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù yín gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnì kan á máa gbé yín lọ sí ibi olówó gọbọi, ẹnì kejì á máa jẹ gbèsè láti fi bá a dọ́gba.

Ọ̀nà kẹta ni pínpín bí owó ṣe tó, fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ti le. Ká ní ọkùnrin ń gba ₦180,000, obìnrin ń gba ₦270,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦450,000. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ọkùnrin, 60 ni ti obìnrin. Bí ìjáde bá jẹ́ ₦20,000, ọkùnrin á mú ₦8,000 wá, obìnrin á mú ₦12,000. Àmọ́ ẹ yọ owó tó ń lọ sílé kúrò ná. Bí obìnrin náà bá ń fi ₦70,000 ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀, tí ọkùnrin ń fi ₦20,000 ránṣẹ́, ₦200,000 àti ₦160,000 lẹ ó fi ṣírò. Nínú ₦20,000 yẹn, ti ọkùnrin á gòkè sí nǹkan bíi ₦8,900, ti obìnrin á wálẹ̀ sí ₦11,100. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń pa ọ̀rọ̀ "o lówó jù mí lọ, o sì ń háwọ́" lẹ́nu mọ́.

Ohun tó ń ba ọ̀nà kẹta jẹ́ ni ojú ayé. Agbóúnjẹ á gbé ẹ̀rọ POS dé, á nà án sí ọkùnrin, obìnrin á na kádì rẹ̀, ojú gbogbo àwọn tó wà ní tábìlì kejì á yí síbẹ̀. Àwọn kan máa ń ní kí obìnrin fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ọkùnrin kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti mọ̀ láàárín ara yín. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin má lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun lòún ń dá gbogbo ẹ̀ san. Ìyá yẹn á gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ bá ṣe bí ọ̀rọ̀, á sọ ọ́ lójú obìnrin náà pé "ọmọ mi ti náwó-nára lé ẹ lórí," irọ́ kékeré yẹn ló sì máa fọ́ ilé.

Owó ọkọ̀ wà láyè tirẹ̀. Kì í ṣe owó orí, kò ra nǹkan kan. Ẹni tó fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí ju pé kí àlejò rẹ̀ dé lọ. Ẹni tó gbà á tí kò wá, kó dá a padà lọ́jọ́ náà. Ó tiẹ̀ sàn kí ẹ pàdé láàárín: bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti Mararaba tí èkejì ń bọ̀ láti Gwarinpa, Area 1 tàbí Wuse kò ní pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yẹra fún ọ̀nà Nyanya nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀ ti dá ìjà tí kò nídìí sílẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì máa fi nọ́ńbà ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ ránṣẹ́ síra yín. Àwọn ọlọ́kọ̀ "one chance" kì í béèrè akọ tàbí abo kí wọ́n tó ja èèyàn lólè, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin ka ìkìlọ̀ yìí sí ti obìnrin nìkan.

Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àti ohun tí "rárá" túmọ̀ sí

Obìnrin lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kó sọ ọ́ lójú ara wọn tàbí lórí fóònù, kó má rán ọ̀rẹ́, kó má kọ ọ́ sí ibi tí ọkùnrin lè yà á ní fọ́tò fi ha àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn méjì ti tó: "Mo gbádùn ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa rẹ, mo sì fẹ́ ká mọra ju báyìí lọ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn tìẹ, sọ fún mi, mi ò ní bínú." Kó wá fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Kó má tún un sọ, kó má fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì, torí àwàdà yẹn ni yóò jẹ́ kí ọkùnrin rò pé eré ni. Bí ọkùnrin náà bá sì lọ pìtàn rẹ̀ káàkiri pé "òun ló ń sá tẹ̀lé mi," ó ti dáhùn nìyẹn.

Ti ọkùnrin ló ṣòro jù nísinsìnyí. Láyé àtijọ́, ọmọbìnrin tí wọ́n bá dẹnu ìfẹ́ kọ á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Bó bá gbà yá kíákíá, wọ́n á ní ojú ń kán an. Ṣùgbọ́n ètò ìgbà náà ní ibi tí ó ti hàn gbangba pé ó ti gbà: ìjọ́hẹn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìṣíhùn, tí ẹbí ọkùnrin ń fi nǹkan dúpẹ́ rẹ̀. A ti sọ ìjọ́hẹn nù, a wá di àṣà ṣíṣe-bí-ẹni-tí-kò-fẹ́ mú. Ìdí nìyí tí bàbá á fi máa gba ọmọkùnrin rẹ̀ níyànjú pé "má dẹ̀yìn," tí ọmọ náà á fi máa pe obìnrin lẹ́ẹ̀mejìlá lóòjọ́ lẹ́yìn tó ti ní rárá, tí á sì wá máa dúró sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Béèrè lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ní "jẹ́ n rò ó," dúró di ọjọ́ tó dá. Bó bá ní rárá, ó parí. Òfin VAPP ti 2015, òfin tó ka ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ka kí èèyàn máa tẹ̀lé ẹlòmíràn kiri títí ẹ̀rù fi ń bà á sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ ọkùnrin tàbí obìnrin sílẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin náà, ẹ jáwọ́ nínú rárá tó túmọ̀ sí hẹn. Ẹ ò mọ iye èèyàn tó ń sọ rárá tòótọ́ tí wọn ò gbà gbọ́ nítorí tiyín.

Kí ẹ tó mú ara yín lọ sílé: ẹ̀jẹ̀

Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ yẹ genotype wò lọ́jọ́ kan náà, ní ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí àṣìṣe máa ń wà. Bí ẹ bá jẹ́ AS méjèèjì, gbogbo oyún tí ẹ bá ní ló ní ewu ẹyọ kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn àrùn sickle cell. Pé àkọ́bí bọ́ kò ní kí èkejì bọ́. Ẹ ṣe é kí ìyá ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ ẹnì kejì. Nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àbíkú láyé ìjọ́un, àrùn yìí ló wà nídìí àwọn kan, ìyàwó ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá.

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí lẹ́yìn ìrun Àsárì, wákàtí kan àbọ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀. Èso, búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì ti tó. Ẹ má gbé ẹ̀bùn ńlá lọ, torí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ìkíni ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ́.

Ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé ni "o" àti "ẹ." Nínú yàrá yín ní Lugbe, ẹ jẹ́ ẹgbẹ́, "o" lẹ ń pe ara yín. Ṣùgbọ́n ìran màmá àgbà kì í pe ọkọ lórúkọ rárá, "ẹ" ni. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà rí i pé ife ọkùnrin ṣì kún, ló bá ní:

"Túnjí, o ò tíì mu omi rẹ."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Àǹtí tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì kàn yí ojú wo ìyá ilé, ìyá ilé sì wo ilẹ̀. Ó ti tán. Títí wọ́n á fi parí ìgbéyàwó, "ìyẹn tó ń pe ọkọ ní ìwọ" ni yóò máa jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta wà. Ẹ lè máa fi "ẹ" pe ara yín nílé òbí, ẹ̀yin méjèèjì o. Bó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló ń sọ ọ́, á dùn ún tó bá yá, á sì ní ẹ̀tọ́. Ẹ lè lo gbólóhùn tí kò ní èwo nínú méjèèjì: "Omi ti wà nílẹ̀ o." Yorùbá gbà á dáadáa, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Tàbí kí ọkùnrin ti sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú pé ẹgbẹ́ lòun àti ọmọ náà, orúkọ làwọn ń pe ara wọn. Ìkejì ló yá fún ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, ìkẹta ló máa ń tọ́jọ́.

Ilé ìdáná ló kàn. Bí ìyá bá pe obìnrin pé kó wá bá òun ro àmàlà, kó lọ. Kó ṣe ohun kan, kó padà wá jókòó. Ẹni tó bá gba gbogbo ìkòkò lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ni wọ́n á máa retí ní gbogbo ọdún. Bí oúnjẹ bá tán, kí ọkùnrin kó abọ́. Ìyá á ní, "Gbé e kalẹ̀, ṣé kò sóbìnrin nílé ni?" Ọkùnrin tó bá dá a lóhùn pé ayé ti yí padà ti dá obìnrin náà lóró, torí ohun tí ìyá máa gbọ́ ni pé wọ́n ti fún ọmọ òun ní nǹkan jẹ. Kó ní: "Mà, bí ẹ ṣe kọ́ mi náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe ní Kúbwá." Kó sì máa gbé abọ́ lọ. Ìyìn ìyá ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì ní lè kọ̀ ọ́.

Bí àríyànjiyàn bá wá dé lẹ́yìn ìbẹ̀wò, ọmọ ẹni ló ń bá òbí ẹni sọ ọ́. Àfẹ́sọ́nà kì í bá ìyá ọkùnrin ṣàlàyé ara rẹ̀ lórí WhatsApp.

Bó bá jẹ́ Kánò, tàbí bó bá jẹ́ ọmọ Haúsá lẹ̀ ń fẹ́

Ní Kánò, níbi tí ìjọba ti fi òfin gbé Hisbah, àwọn tó ń mú kí èèyàn pa òfin Sharia mọ́, kalẹ̀ ní 2003, kí àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí má máa pàdé ní kọ̀rọ̀. Pálọ̀ ilé ọmọbìnrin ló dára, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ìbẹ̀wò báyìí ni Haúsá ń pè ní zance: ọkùnrin ló ń wá, kì í ṣe obìnrin ló ń lọ. Ọmọbìnrin Àbújá tó bá ti mọ́ lára láti máa lọ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wò ó níbẹ̀.

Ẹrù ló máa ń da ẹbí méjèèjì rú. Ọkùnrin Haúsá á kó lefe wá, àpótí aṣọ àti ohun ẹ̀ṣọ́ fún ìyàwó. Ẹbí ìyàwó, ní tiwọn, ló ń ra kayan ɗaki, bẹ́ẹ̀dì, àga àti ìkòkò inú ilé. Bàbá Yorùbá tí kò mọ̀ á máa retí pé ọkọ ti ṣètò ilé, ẹbí ọkọ á sì máa retí ọkọ̀ akẹ́rù láti ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó gbọ́ èdè méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan, oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹni tó ń ra kí àti kí.

Ìdána

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ti kóòtù pẹ̀lú, ẹ lọ fi ìwé sílẹ̀ ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ṣáájú; ọjọ́ 21 ló gbọ́dọ̀ kọjá, kí ẹ sì ṣe é kí oṣù mẹ́ta tó pé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí bàbá tó ní ìyàwó méjì mọ̀ pé lábẹ́ òfin yìí, ọmọ òun kò lè fẹ́ èkejì níwọ̀n ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá wà.

Ní ti owó orí, ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń dá a padà pé àwọn kò ta ọmọ. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá ilé ìyàwó máa dá a padà, kí ẹbí ọkọ má bàa rò pé wọ́n kọ̀ wọ́n. Bí obìnrin bá ti dá sí owó ẹrù, ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin méjèèjì jọ pinnu ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Alága ìjókòó kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí gbohùngbohùn. Kí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ sì mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ wà, kí wọ́n má wọ ṣòkòtò tó fún jù wá.

Iṣu 42 ló máa ń wà nínú ìwé ẹrù, pẹ̀lú orógbó, obì àti atáare tí iye wọn sábà máa ń jẹ́ 42 bákan náà. Iyọ̀ àti oyin kì í sì í gbẹ́yìn. Bí owó ò bá tó, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n kí ọjọ́ tó pé, ọ̀pọ̀ ilé máa dín in kù. Ọjà Zuba ni kí ẹ ti ra iṣu. Ẹ ra 45, torí ọkọ̀ á ṣẹ́ díẹ̀ lọ́nà, kí ọkọ àti ìyàwó sì jọ kà á kí wọ́n tó so ó mọ́ra.